Fùréjọ̀n: Oúnjẹ Ọjọ́ Ẹtì Rere ní Pópó Àgùdà

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì Rere, òórùn àgbọn ni yóò kọ́kọ́ pàdé ẹni tó bá gba Pópó Àgùdà kọjá l'Ékòó. Láti Campos dé Bámgbóṣé, títí dé òpópónà Tòkunbọ̀, ilé tó bá jẹ́ ti ọmọ Àgùdà, ẹ̀wà ló wà lórí iná níbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀wà elépo, kì í ṣe ẹ̀wà àgànyìn, kì í sì í ṣe gbẹ̀gìrì. Fùréjọ̀n ni: ẹ̀wà dúdú tí a sè títí tó fi rọ̀ pátápátá, tí a lọ̀ kúnná, tí a sẹ́, tí a wá fi omi àgbọn àti ṣúgà sè di ohun tó ki, tó dùn, tó sì ń dán. Ẹja díndín àti ọbẹ̀ ata la fi ń jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn a tún wọ́n gàrí lé e lórí. Lọ́pọ̀ ilé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń sè é lọ́dún, ní ọjọ́ tí a ń rántí ikú Jésù Olúwa wa.

Ìdílé Sẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìjọ Áńgílíkà, ni wọ́n bí mi sí ní Ìjẹ̀bú. Ìgbéyàwó ló gbé mi dé agboolé Àgùdà, ọwọ́ ìyá ọkọ mi ni mo sì ti kọ́ fùréjọ̀n. Mo fẹ́ràn ìdáná, mo fẹ́ràn ilé Ọlọ́run, n kò sì rí ìdí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ dúró síta de èkejì. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ibi tí oúnjẹ yìí ti wá, bí a ṣe ń sè é, àti ìdí tí mo fi gbà pé sísè rẹ̀ wà lára ìsìn ọjọ́ náà gan-an, gẹ́gẹ́ bí kíka ìtàn Ìjìyà Olúwa ṣe wà lára rẹ̀.

Àwọn tí Èkó ń pè ní Àgùdà ni àwọn ọmọ Yorùbá, àti àwọn ẹ̀yà mìíràn pẹ̀lú wọn, tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, pàápàá ìpínlẹ̀ Bahia, tí àwọn fúnra wọn tàbí àwọn ọmọ wọn sì padà wálé. Ọ̀tẹ̀ ńlá kan bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Salvador ní oṣù kìíní ọdún 1835. Àwọn Mùsùlùmí ló ṣíwájú rẹ̀, àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó lọ́hùn-ún, ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ṣẹ́gun àwọn ọlọ́tẹ̀ náà, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira. Wọ́n lé àwọn kan jáde nílùú, ọ̀pọ̀ sì fi owó ara wọn wọkọ̀ òkun padà. Èkó ni àwọn kan gúnlẹ̀ sí, àwọn kan sọ̀ sí Àgbádárìgì, àwọn kan sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àwọn kan sí Ouidah. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà bọ̀, wọ́n mú orúkọ bíi da Silva, Pereira àti Pinheiro bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mú ẹ̀sìn Kátólíìkì bọ̀. Tìtorí tiwọn ni Yorùbá fi ń pe ìjọ Kátólíìkì ní Ìjọ Àgùdà títí dòní olónìí.

Apá kan wà nínú ìtàn wọn tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ní gbogbo ìgbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Nígbà tí wọ́n dé Èkó, wọn kò bá Fadá kankan níbẹ̀. Ọkùnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Padre Antonio, tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí, tí wọn kò sì fi joyè àlùfáà, ló ń kó wọn jọ fún àdúrà, òun ló ń ṣe ìrìbọmi fáwọn ọmọ wọn. Ó di ọdún 1863 kí Fadá Borghero, ará Ítálì tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA, tó wá bẹ̀ wọ́n wò. Ó di 1868 kí wọ́n tó ní àlùfáà tó jókòó tì wọ́n. Ọdún 1881 ni ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́ tó yẹ wọ́n parí, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà fúnra wọn ló sì kọ́ ọ. Ẹ wo iye ọdún tó lọ láàárín, láìsí Mísà, láìsí ẹni tí wọn yóò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún. Kí ló ń sọ fún ọmọdé nígbà náà pé òní kì í ṣe ọjọ́ lásán? Èrò tèmi ni pé ìkòkò wà lára ohun tó ń sọ ọ́, mo sì dúró lórí rẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ Látìn, tí kò mọ̀wé kà, yóò mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹran kò wọ inú ilé, tí gbogbo ilé ń gbóòórùn àgbọn, ọjọ́ náà ni wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Ní Bahia lọ́hùn-ún náà, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí wọ́n ń pè ní feijão de leite, wà lára oúnjẹ Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ títí di àkókò yìí. Òkun ló là wá láàárín, ọjọ́ kan náà la jọ ń jẹ ẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná.

Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó da ẹ̀wà sórí àtẹ, a ó ṣà á, a ó yọ òkúta àti èyí tí kòkòrò ti lu. A ó fọ̀ ọ́, a ó sì rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀ kí a tó lọ sí Mísà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ẹ̀wà dúdú ni ojúlówó. Ẹ̀wà olóyin náà ṣe é ṣe, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ń lò ó nítorí pé dúdú wọ́n lọ́jà, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kì í jinlẹ̀ tó, adùn rẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lálẹ́, ẹ̀wà yóò ti wú. A ó da omi tí a fi rẹ ẹ́ nù, a ó gbé e kaná pẹ̀lú omi tuntun àti ẹyọ kànáfùrù díẹ̀. Ìyá ọkọ mi kì í jẹ́ kí iyọ̀ kàn án ní ìpele yìí rárá.

Ibí ni sùúrù ti ń tán lára àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sè. Ẹ̀wà tó jinná fún jíjẹ kò tíì jinná fún fùréjọ̀n. Ó gbọ́dọ̀ rọ̀ débi pé bí o bá fi ìka méjì tẹ ẹyọ kan, èèpo nìkan ni yóò kù sí ọ lọ́wọ́. Mo rántí bí mo ṣe máa ń ṣí ìkòkò, tí mo máa ń ní, "Ìyá, ó ti jinná o." Wọn yóò mú ẹyọ kan, wọn yóò tẹ̀ ẹ́, wọn yóò wò mí. "Ìyàwó, jinná fún ta ni? Bu omi sí i." Mo sì máa ń bu omi sí i. Lóru, iná kékeré ni wọ́n ń fi í lé, wọn yóò máa jí wò ó, nítorí pé ẹ̀wà tó bá fi lè jóná nídìí, òórùn iná náà kò ní kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ṣúgà kò lè bò ó, àgbọn kò lè bò ó.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó lọ̀ ọ́. Ọlọ ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́, blẹ́ńdà ló gba ipò rẹ̀, n kò sì rí ohun tí a pàdánù níbẹ̀ ju ìrora èjìká lọ. Lẹ́yìn lílọ̀ ni sísẹ́. Asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré gan-an la ń lò, àwọn mìíràn a lo aṣọ funfun tó mọ́. Èèpo ni a fẹ́ yọ kúrò. Bí o bá sáré níbí, tí o lo asẹ́ tó fẹ̀ lójú, fùréjọ̀n rẹ yóò máa ha ọ̀fun, kò sì sí ohun tó lè tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Àgbọn wá kù. Àgbọn tó gbó ni kí o rà. Gbé e sí etí, gbọ̀n ọ́n. Bí omi rẹ̀ kò bá ró, fi í sílẹ̀ fún ìyá olórí ìsọ̀. A ó fọ́ ọ, a ó yọ ẹran rẹ̀, a ó bẹ awọ pupa ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò kí ó má baà sọ omi rẹ̀ di aláwọ̀ eérú, a ó sì rin ín. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ la ó dà sí i, a ó fi ọwọ́ pò ó, a ó fún un. Omi tí mò ń wí yìí yàtọ̀ sí omi inú àgbọn tí ọmọdé ń mu. Funfun ni, ó ki, ó sì lọ́ràá. Ohun tó bá jáde nígbà àkọ́kọ́, gbé e sọ́tọ̀, dé e lórí. Tún da omi sí ìdàrọ́ rẹ̀, tún un fún, gbé ìyẹn náà sọ́tọ̀. Àkọ́fún àti àtúnfún kò níṣẹ́ kan náà láti ṣe. Àtúnfún la ó fi se ẹ̀wà. Àkọ́fún di ìgbẹ̀yìn, nítorí pé bí ó bá pẹ́ lórí iná, òróró rẹ̀ yóò yà kúrò, yóò léfòó sójú ìkòkò, adùn tí a tìtorí rẹ̀ rin àgbọn yóò sì bá ooru lọ.

Nísinsìnyí, ẹ̀wà tí a sẹ́ àti omi àtúnfún yóò jọ wọ ìkòkò ńlá, lórí iná tí kò le. Orógùn onígi la ń lò, ó sì gbọ́dọ̀ máa kan ìdí ìkòkò ní gbogbo ìgbà tí a bá ń rò ó. Fùréjọ̀n máa ń ta, ó máa ń fò sí ènìyàn lápá, nítorí náà ẹ wọ aṣọ alápá gígùn. Bí ó bá ti ń ki bọ̀ ni ṣúgà tó wọ ibẹ̀. Ṣúgà tó bá tètè wọ ibẹ̀ ń fa jíjóná. Ìwọ̀nba iyọ̀ díẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn ilé kan a rin nọ́tímẹ́ẹ̀gì sí i, ilé tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá gbé orógùn sókè tó bá ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀, da àkọ́fún sí i, jẹ́ kó hó lẹ́ẹ̀kan péré, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Má dúró de ìgbà tí yóò ki bí o ṣe fẹ́ jẹ ẹ́, nítorí pé bí ó bá ṣe ń tutù ni yóò máa ki sí i.

Ohun tí mo rí lára ìyá ọkọ mi nídìí ìkòkò yẹn, n kò rí i nínú ìwé ìsè oúnjẹ kankan. Ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lára orógùn, rosárì wà lọ́wọ́ òsì. Àwọn Ohun Ìjìnlẹ̀ Ìbànújẹ́ ni wọ́n ń kà, láti ọgbà Gẹtisémánì dé orí òkè Kálífárì, bí orógùn ṣe ń yí ni ẹnu wọn ń lọ. Bí ọwọ́ bá ro wọ́n, wọn yóò ní, "Gbà, ìyàwó," wọn yóò sì fún mi ní orógùn. Wọn kì í fún mi ní rosárì. Àdúrà wọn kò gbọ́dọ̀ já, ìkòkò náà kò sì gbọ́dọ̀ dúró, nítorí náà a di ènìyàn méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí n kò tíì mọ̀ nílé wa: pé ara náà lè gbàdúrà, kí apá máa ro ènìyàn, kí èéfín máa wọ̀ ọ́ lójú, kí ọkàn sì wà lọ́dọ̀ Ẹni tó ru igi wúwo gòkè lọ.

Ẹja kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àpò tàbí kúta, gé e, fi iyọ̀ àti ata pa á lára, dín in kó gbẹ, se ọbẹ̀ ata tó ta dáadáa. Títa ọbẹ̀ náà ṣe pàtàkì, òun ló ń dá adùn fùréjọ̀n dúró. Àwọn tó mọ ìmóyò sè, ọbẹ̀ ẹja àwọn Àgùdà tó ní àyù àti ọsàn wẹ́wẹ́ nínú, a máa gbé òun náà wá sórí tábìlì.

Òfin Ìjọ kò dárúkọ fùréjọ̀n níbì kankan. Ohun tí òfin wí ni pé kí ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 14 má jẹ ẹran lọ́jọ́ náà, kí ẹni tó wà láàárín ọdún 18 sí 59 sì gbààwẹ̀, kó jẹun yó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó fi ìpanu kékeré méjì gbé ara ró bó bá pọn dandan. Ìyókù, àwọn ènìyàn ló fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Ẹ̀wà gbé ẹni tó gbààwẹ̀ dúró, ẹja rọ́pò ẹran. Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán a ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ìtàn Ìjìyà gẹ́gẹ́ bí Jòhánù Mímọ́ ṣe kọ ọ́, a ó wólẹ̀ níwájú àgbélébùú, a ó gba Ara Olúwa tí wọ́n ti yà sí mímọ́ láti Ọjọ́bọ̀, nítorí pé kò sí Mísà lọ́jọ́ náà rárá. Ìgbà tí a bá dé ni ilé wa máa ń jẹun.

Wọ́n ti bi mí léèrè rí pé kí ló dé tí oúnjẹ ọjọ́ ọ̀fọ̀ fi ń dùn. Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ ká fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni ṣúgà fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tó yí Salvador ká, tí wọ́n ń pè ní Recôncavo, ilẹ̀ ìrèké ni. Ẹrú ló ń gé ìrèké náà, ẹrú ló ń fún un, ẹrú ló ń se oje rẹ̀ nínú ooru tó ń bó ara. Ayé ń jẹ adùn, àwọn ń jẹ ẹgba. Pé àwọn ọmọ ènìyàn wọ̀nyí gba ṣúgà yẹn, tí wọ́n sì dà á sínú oúnjẹ ọjọ́ tí a ń rántí Ẹni tí wọ́n nà láìṣẹ̀, tí wọ́n tà ní ọgbọ̀n owó fàdákà, ó jinlẹ̀ lójú mi ju ọ̀pọ̀ ìwàásù tí mo ti gbọ́ lọ. Ẹni tí wọ́n ti tà rí mọ ohun tí iye yẹn túmọ̀ sí. Bí mo bá ń da ṣúgà sínú ìkòkò, mo máa ń gbàdúrà fún wọn, àwọn tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan.

Fùréjọ̀n kì í gbé ilé kan ṣoṣo. Ìkòkò ńlá la fi ń sè é nítorí pé abọ́ tó ń jáde pọ̀ ju abọ́ tó ń dúró lọ. Nínú àwọn Àgùdà náà, Mùsùlùmí wà, Kátólíìkì wà, inú agboolé kan náà nígbà mìíràn. Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Bí ẹ bá dé Àjàṣẹ́, tí ẹ rí mọ́ṣáláṣí ńlá ibẹ̀, ẹ óò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia kan ni wọ́n gbé kalẹ̀ sáàárín ìlú. Nítorí náà, abọ́ fùréjọ̀n tó bá kan ilẹ̀kùn Alhaja tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹran Iléyá yóò gba àtẹ̀gùn kan náà sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Alhaja mọ ohun tí Ọjọ́ Ẹtì Rere jẹ́ fún wa, wọn a ní, "Ẹ kú ìrántí o." Gbogbo ìwé ìjíròrò láàárín ẹ̀sìn tí mo ti kà, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀wà kò dẹ́kun rírìn lórí òkun yẹn. Àkàrà tiwa ló ti ìhín lọ tó di acarajé ní Salvador, tí àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń dín nínú epo pupa lẹ́bàá títì, tí àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé sì mọ̀ sí oúnjẹ Ọya. Àwọn ajíhìnrere kan níbẹ̀ tó ń ta àkàrà kan náà ti pààrọ̀ orúkọ rẹ̀, wọ́n ń pè é ní bolinho de Jesus, àkàrà Jésù. Mo lóye ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ẹ̀wà tí Ọlọ́run dá kò nílò kí a dáàbò bò ó lọ́wọ́ àwọn ìyá tó kọ́ wa bí a ṣe ń dín in. Níhìn-ín náà mo ti gbọ́ tí ẹlòmíràn ń sọ pé fùréjọ̀n jẹ́ oúnjẹ àṣà tí kò yẹ kó bá ẹni tí a tún bí lẹ́nu. Mo máa ń rọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó wá jókòó ti ìkòkò pẹ̀lú wa ní òru Ọjọ́bọ̀, kó gbọ́ ohun tí a ń sọ nídìí rẹ̀. Èyí tó ń kọ mí lóminú ju tiwọn lọ ni àwọn tó ti sọ ọ́ di àríyá: ọtí lórí tábìlì, orin lókè, fùréjọ̀n nínú ife kékeré pẹ̀lú ṣíbí, agogo mẹ́ta ọ̀sán sì kọjá láìsí ẹni tó bojú wẹ̀yìn. Ayẹyẹ yóò dé ní ọjọ́ Àjíǹde, àwọn oníkánífà yóò jáde sí Campos ní ọjọ́ kejì rẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti fèrè. Ọjọ́ náà ní àyè tirẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston máa ń pè lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìbéèrè wọn kì í sì í yàtọ̀. Ẹ̀wà dúdú wà ní ìsọ̀ àwọn ará Brazil àti ti àwọn ará Caribbean, ó dára, ó tilẹ̀ tètè rọ̀ ju ti ọjà wa lọ. Omi àgbọn inú agolo ṣe é lò, ṣùgbọ́n ẹ wo ara agolo kí ẹ rí i pé àgbọn àti omi nìkan ló wà níbẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti fi ṣúgà sí. Ẹ pín in sí méjì. Ẹ bu omi la apá kan, kó ṣe iṣẹ́ àtúnfún, ẹ sì fi apá kejì sílẹ̀ bó ṣe wà fún ìgbẹ̀yìn. Bí iṣẹ́ kò bá fún yín láàyè lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ se ẹ̀wà, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ ní alẹ́ Ọjọ́rú, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Àgbọn àti ṣúgà kò gbọ́dọ̀ kàn án títí di òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ìwọ̀n ṣúgà, ẹ pe Màmá kí agogo mẹ́ta ọ̀sán tó lù, nítorí pé lẹ́yìn ìyẹn, wọn kì í gbé fóònù.